Oògùn Wèrè, Àti Ohun Tí Oògùn Nìkan Kò Lè Ṣe

  Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé, ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ fò ó, ẹ máa lọ, kí ẹ tún padà wá bá a.

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fẹ́ sọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ wèrè ni. Bí ibà bá mú ọmọ wa, a ó sọ fún aládùúgbò. Bí ejò bá bù ú jẹ, a ó figbe ta. Ṣùgbọ́n bí orí ọmọ wa bá dàrú, a ó ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè rẹ̀, a ó ní ó rin ìrìn àjò.

Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ti ilẹ̀kùn rí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan. Iṣẹ́ káfíńtà ni ó ń kọ́. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ó ku oṣù mélòó kan kí ó gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ni kò bá sùn mọ́. Ó ní àwọn kan ń pe òun láti inú ògiri. Ó ní ọ̀gá òun ń bu májèlé sínú omi. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó bọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bọ́ sí ojú ọ̀nà.

Àwa ẹbí pe ìpàdé. Ẹnì kan ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹnì kan ní igbó ni ó ń mu. Kò sí ẹni tí ó bèèrè lọ́wọ́ ọmọ náà. A mú un lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ìdí igi. Oṣù márùn-ún ni ó lò níbẹ̀, nínú òjò àti nínú oòrùn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo lọ wò ó. Ojú ń tì mí. Àpá irin náà wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn náà, a ta àgbàdo, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́. Wọ́n fún un ní oògùn oníhóró. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, àwọn tí ń pè é láti inú ògiri rẹ ohùn sílẹ̀. Ó sùn. Ó jẹun. Ó pe ìyá rẹ̀ ní orúkọ tí ó ti ń pè é láti kékeré, ìyá náà sì sunkún. Ẹ̀yin ará, oògùn ni ó mú irin kúrò ní ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí, kí ẹ má baà rò pé mo wá bú oògùn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a mú padà wálé kì í ṣe ọmọ tí a mọ̀. Ara rẹ̀ le gbagidi. Ó ń rìn bí ẹni tí ó ru ẹrù wúwo. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Ó ń sùn ní òwúrọ̀, ó ń sùn ní ọ̀sán. Kò lè mú ayùn dání. Àwa ńkọ́? A ní, "Ó ti sàn, a dúpẹ́." Kí ni a fi mọ̀ pé ó sàn? Ohun tí a fi mọ̀ ni pé kò dí wa lọ́wọ́ mọ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ ni ó fi wà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó da gbogbo hóró oògùn náà sínú ṣáláńgá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì ojú rẹ̀ là. Ó gbálẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ rò pé àdúrà ti gbà. Ní oṣù kejì, àwọn tí ń bẹ nínú ògiri padà, ariwo wọn sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tún bá a ní ojú ọ̀nà.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe gan-an? Ẹ jẹ́ kí á wò ó.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni a ń de wèrè mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ àwọn òyìnbó pẹ̀lú nígbà àtijọ́, wọ́n ń dè wọ́n, wọ́n ń tì wọ́n mọ́lé, wọ́n ń rì wọ́n sínú omi tútù. Ní ọdún 1952, dókítà méjì ní ilé ìwòsàn Sainte-Anne ní ìlú Párísì, Jean Delay àti Pierre Deniker, fún àwọn alárùn ọpọlọ ní oògùn kan tí à ń pè ní chlorpromazine. Ní ọjà, Largactil ni wọ́n ń pè é ní Faransé. Wọn kò kọ́kọ́ wá oògùn náà nítorí wèrè. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ni ó ti ń lò ó fún àwọn tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ni ó rí i pé ọkàn wọn ń balẹ̀. Ní ọdún 1958, wọ́n rí òmíràn ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, haloperidol. A ṣì ń lo àwọn méjèèjì títí di òní.

Àwọn bàbá wa náà kò jókòó lásán. Ẹ mọ igi asofẹ́yẹjẹ. Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn wa ń lò láti mú kí wèrè sùn. Ní ọdún 1952 kan náà, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ yọ oògùn kan, reserpine, láti ara igi kan ní Íńdíà tí ó jẹ́ ìbátan asofẹ́yẹjẹ. Àwọn dókítà òyìnbó lò ó fún wèrè ní ọdún wọ̀nyẹn. Oògùn tí ó ní agbára ni, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù, kí òòyì kọ́ ènìyàn, kí ó ṣubú. Nítorí náà, bí ẹ bá ń lo ewé àti egbò pẹ̀lú oògùn ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ẹ má bẹ̀rù pé yóò bú yín. Bí ó bá bú yín, ẹ ṣì sọ ọ́.

Nínú ọpọlọ wa, ohun kan wà tí ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibì kejì, bí ọmọ tí a rán níṣẹ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí ń dí i lọ́nà. Bí a bá dí i lọ́nà, ariwo tí ó wà lórí aláìsàn yóò dínkù. Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń rán níṣẹ́ yẹn kan náà ni ó ń bá ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n, tí ara fi ń le. Àwọn mìíràn kò lè jókòó sí ojú kan. Àwọn mìíràn ń sanra jù. Bí ó bá pẹ́ títí, ẹnu àti ahọ́n ẹlòmíràn á máa jẹ nǹkan tí kò sí lẹ́nu rẹ̀, ó sì lè má lọ mọ́. Bí a bá sì já oògùn náà lójijì lẹ́yìn tí ó ti mọ́ ọpọlọ lára, nǹkan á dàrú. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó ti sọ ọ́ fún un. Wọ́n ní kó máa lò ó, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí hóró oògùn kò lè ṣe. Kò lè wá iṣẹ́ fún ènìyàn. Kò lè bá a jẹun nínú àwo kan. Kò lè sọ fún àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má sọ òkò lù ú. Ọmọ Yorùbá kan ti rí èyí láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ rẹ̀: Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1923. Ó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì padà wá sí ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1954, ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba ń kọ́ fún àwọn alárùn ọpọlọ ní Aro kò tíì parí. Lámbò kò dúró dè é. Ó lọ bá àwọn àgbààgbà abúlé tí ó yí Aro ká. Ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sínú ilé wọn, kí wọ́n sì máa gba owó ilé.

Ẹ rò ó wò. Bí ẹnì kan bá wá sí abúlé yín lónìí, tí ó ní òun fẹ́ kó wèrè wá gbé láàrin yín, kí ni ẹ ó sọ? Àwọn ará abúlé yẹn gbà. Ṣùgbọ́n Lámbò ní òfin kan: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá rẹ̀, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a wá, kí ó bá a gbé. Ẹbí yìí ni yóò máa se oúnjẹ, tí yóò máa fọ aṣọ. Ní òwúrọ̀, yóò mú aláìsàn lọ gba ìtọ́jú. Ní ọ̀sán, yóò mú un padà sí abúlé. Lámbò kò kọ oògùn. Ó fún wọn ní hóró, ó fún wọn ní abẹ́rẹ́. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wá bá òun ṣiṣẹ́, nítorí wọ́n mọ ohun tí ń ba àwọn ènìyàn wọn lẹ́rù. Àwọn dókítà mìíràn fi í rẹ́rìn-ín nítorí èyí. Ní ọdún 1961, àwọn dókítà ọpọlọ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Áfíríkà pàdé ní Abẹ́òkúta, wọ́n sì wo iṣẹ́ náà. Ní Dákà pẹ̀lú, ní ilé ìwòsàn Fann, wọ́n wá ń gba kí ẹbí bá aláìsàn gbé.

Bí mo ṣe rí i, ohun tí ó dára jù nínú ètò yẹn kò sí lára aláìsàn. Ó wà lára ẹbí. Ìyá tí ó bá ọmọ rẹ̀ gbé ní Aro fún oṣù mélòó kan rí oògùn, ó rí ìgbà tí ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó rí ìgbà tí oorun padà. Nígbà tí wọ́n bá padà sílé, kò ní bẹ̀rù ọmọ rẹ̀ mọ́. Àwa kò bá ọmọ tiwa gbé. A fi í lé wọn lọ́wọ́, a padà wá sílé, a dúró kí wọ́n dá a padà fún wa.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín náà, ẹ ti lè gbọ́ orúkọ Grégoire Ahongbonon. Ọmọ Benin ni, kì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ táyà ni ó ń ṣe ní ìlú Bouaké ní Côte d'Ivoire. Ní nǹkan bí ọdún 1990, ó rí wèrè kan tí ń wá oúnjẹ nínú ààtàn. Ó ti ń kọjá lára irú wọn láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ náà ó dúró. Láti ìgbà náà, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Saint Camille, ti ń lọ sí abúlé dé abúlé, wọ́n ń tú àwọn tí a dè mọ́ igi. Wọ́n ní ilé ìtọ́jú ní Avrankou, kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Oògùn ni wọ́n ń lò níbẹ̀, oògùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: púpọ̀ nínú wọn ti jẹ́ aláìsàn rí. Ẹni tí a tú sílẹ̀ lánàá ni ó ń bu oúnjẹ fún ẹni tí a tú sílẹ̀ lónìí.

Àwọn dókítà fúnra wọn ń tún ọ̀rọ̀ oògùn yìí rò. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án. Ìbàdàn wà nínú àwọn ìlú náà, Agra ní Íńdíà wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà lọ wo àwọn aláìsàn lẹ́yìn ọdún méjì, àti lẹ́yìn ọdún márùn-ún, wọ́n rí i pé àwọn tí ara wọn yá ní Ìbàdàn àti ní Agra pọ̀ ju ti àwọn ìlú olówó lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ìdí rẹ̀. Àwọn kan ní nítorí ẹbí ni, nítorí pé ẹni tí ara rẹ̀ yá ní ilẹ̀ wa lè padà sí oko, kò sí ẹni tí yóò bi í ní ìwé ẹ̀rí. Kí ó má sì gùn wá lórí o. Ẹni tí a so mọ́ ìdí igi nínú igbó, ṣé a kà á mọ́ wọn? Mo máa ń rò ó.

Ní ilẹ̀ Netherlands, wọ́n tẹ̀lé aláìsàn 103 fún ọdún méje, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013. Àwọn tí wọ́n tètè dín oògùn wọn kù díẹ̀díẹ̀, nǹkan bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó padà sí ìgbé ayé wọn dáadáa. Àwọn tí wọ́n fi oògùn wọn sílẹ̀ bí ó ṣe wà, nǹkan bí 18 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ẹ̀yin kan ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Kí á dà á nù!" Ẹ dúró. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn 253 tí wọ́n ti ń lo oògùn láti ọjọ́ pípẹ́. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2023. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn tí wọ́n dín oògùn wọn kù ni àìsàn padà sí lára jù, ìgbé ayé wọn kò sì dára ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ rí i pé kò sí òfin kan fún gbogbo ènìyàn. Ẹlòmíràn yóò lo oògùn díẹ̀, ẹlòmíràn yóò lò ó pẹ́, ẹlòmíràn yóò fi í sílẹ̀. A kò lè mọ èyí tí ọmọ wa jẹ́ bí a kò bá ṣọ́ ọ.

Bí a ṣe ṣọ́ ọmọ tiwa nìyí. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ilé ìwòsàn kékeré abúlé wa. Dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí a tún gbé ọmọ náà dé lẹ́ẹ̀kejì, tí ariwo orí rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, nọ́ọ̀sì náà kò bi àwa léèrè. Ó kọjú sí ọmọ náà, ó ní, "Ìwọ gan-an, kí ni o fẹ́?" Ọmọ náà dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, "Mo fẹ́ kí ọwọ́ mi dákẹ́. N kò lè fa ìlà lórí pákó."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé ẹ mọ̀wé kọ?" Ẹ̀gbọ́n mi ti ń lọ sí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún ọdún kan nígbà náà. Ó ní, "Mo mọ orúkọ mi kọ, Dókítà, mo sì mọ orúkọ ọjọ́ kọ." Nọ́ọ̀sì ní ó tó.

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé. Mo ní i lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. Ojú ìwé àkọ́kọ́ kà báyìí: "Ọjọ́ Ajé. Ó lo oògùn. Ó sùn títí di ọ̀sán. Ọwọ́ gbọ̀n. Kò ṣe nǹkan kan." Ó kọ bẹ́ẹ̀ fún oṣù méjì. Nọ́ọ̀sì mú ìwé náà lọ bá dókítà ní ìlú ńlá. Dókítà gé oògùn náà kù díẹ̀. Wọ́n dúró oṣù méjì. Ó tún gé e kù díẹ̀. Ojú ìwé kan wà níhìn-ín: "Ọjọ́rú. Ó lo oògùn. Ọwọ́ gbọ̀n díẹ̀. Ó la igi fún mi." Ẹ̀gbọ́n mi fa ìlà méjì sí abẹ́ "ó la igi."

Nígbà tí wọ́n gé e ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìwé náà yí padà. "Kò sùn." Ní ọjọ́ kejì: "Kò sùn." Ní ọjọ́ kẹta: "Kò sùn. Ó ń wo ògiri." Ẹ̀gbọ́n mi kò dúró kí ó di ọjọ́ kẹsàn-án. Ó gun alùpùpù lọ bá nọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n dá oògùn padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà kò dé ojú ọ̀nà.

Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Kò já oògùn pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń lò kò tó ìdajì èyí tí wọ́n fún un ní àkọ́kọ́. Ọ̀gá rẹ̀ gbà á padà. Ọ̀gá náà bẹ̀rù, kí n má purọ́. Oṣù mẹ́ta ni ó fi fún un ní iṣẹ́ kí ó máa fi yanrìn dán pákó nìkan, kó tó fún un ní ayùn. Mo bi ọmọ náà léèrè bóyá àwọn tí ń bẹ nínú ògiri ti lọ. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ṣì ń pè mí nígbà mìíràn. N kì í dá wọn lóhùn ni."

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹni tí ń lo irú oògùn yìí nílé, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé tiyín. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ: ṣé ó lo oògùn, ṣé ó sùn, báwo ni ara rẹ̀, kí ni ó ṣe lónìí. Ẹ mú ìwé náà lọ nígbà tí ẹ bá ń lọ gba oògùn, kí aláìsàn fúnra rẹ̀ sì sọ̀rọ̀. Bí ọrùn rẹ̀ bá yí lójijì, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná gidigidi tí ó sì le, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ oògùn. Ẹni tí ó ní wárápá, ọ̀rọ̀ oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Kí ó má fi ohun tí mo sọ lónìí dín oògùn rẹ̀ kù.

Ìyá kan kọ lẹ́tà sí wa. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà ńláńlá. Ó ní oògùn ọmọ òun máa ń tán kí òun tó rí owó, ọmọ aládùúgbò sì ń lo hóró tí ó jọ ọ́, ṣé òun lè yá díẹ̀? Rárá o, Ìyá. Hóró méjì lè jọra, kí agbára wọn má jọra. Bí ó bá ku oògùn ọ̀sẹ̀ kan nílé, ìgbà náà ni kí ẹ ti lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé owó kò sí. Nígbà mìíràn, oògùn mìíràn wà tí owó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, yálà hóró tàbí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí ó bá ti tán pátápátá, ẹ lọ sọ ọ́ ní ọjọ́ náà gan-an, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ó tán sínú ìwé.